Màmá, Àfòpiná, àti Ọkọ Tí Kì Í Hanrun

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wá ìdí ẹ̀, ọkọ mi."

Ohun tí Màmá sọ fún mi gbẹ̀yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí bi mí pé àdúrà wo ló ṣe fún mi kó tó lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ àfòpiná ló sọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti sọ fún un pé àwọn àfòpiná kékeré kan ń fò nínú kíṣìnì wa, aláwọ̀ eérú, ìdajì ìyẹ́ wọn pupa bí irin tó ti dípẹtà. Mo ní mo ti fi sálúbàtà pa púpọ̀ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó ń fò kọ́ ni ìṣòro, ìyẹn kì í jẹun mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹun, ọmọ náà sì nílé. Ó wá sọ gbólóhùn yẹn. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa lọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi pè mí.

Iṣẹ́ lílọ aṣọ ni Màmá ṣe, lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Látàárọ̀ ló máa ń dúró, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọ̀tún, ike omi lọ́wọ́ òsì. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá wa ti kú kí n tó hu eyín. Áyọ́ọ̀nù yẹn ló fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Kọ́là, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ló fi ń mọ ènìyàn. Ó ní ọkùnrin tó bá fọ iwájú kọ́là tó fi ẹ̀yìn sílẹ̀, kí obìnrin má fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, ẹ̀yìn ọrùn ni Màmá kọ́kọ́ wò. Ó mọ́. Ó ní kó jókòó.

Èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Tó bá dìrọ̀lẹ́, kì í lè gbé apá sókè mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan wà tí oníbàárà gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù títí ó fi di tẹni tó bá fẹ́. Màmá tú bọ́tìnnì rẹ̀, ó gé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rán an ní àpò, ó rọ ìrẹsì kún un, ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo máa ń gbé àpò náà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́, tí mo máa ń yí i títí yóò fi gbóná. Á gbé e lé èjìká, á mí kanlẹ̀.

"Ọkọ tèmi rèé," á ní. "Ó gbóná, kì í hanrun, kì í béèrè pé kí ni mo sè."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ní òun á kó wá bá mi. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀ ń wà lọ ọ̀nà jíjìn, kì í sábàá sùn sílé. Inú mi dùn. Ilé ti dákẹ́ jù. Màá dé, màá tan rédíò, mi ò ní mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Ó wá wo ilé. Mo bu omi fún un, àfòpiná kan já sínú kọ́ọ̀bù kó tó gbé e dẹ́nu. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyẹ̀fun ti dì bí òwú, ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀.

"Àbúrò, mi ò lè gbé ọmọ tuntun wá síbí. Tí o bá lé wọn tán, pè mí. Tí o ò bá lè lé wọn, ká dá ilé padà fún onílé, kí kálukú wá ibi tó máa forí pamọ́ sí."

Mi ò fẹ́ dá ilé padà. Mi ò sì fẹ́ dá nìkan gbé e.

Mo da ìyẹ̀fun nù. Mo da ẹ̀wà nù. Mo yọ pákó kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi omi gbígbóná àti fínígà nù wọ́n. Mo fi abẹ́rẹ́ tọ inú ihò ìṣó, ìdin wà níbẹ̀ náà. Mo ra ike tó ní ìdérí líle, mo kó oúnjẹ tuntun sí i. Ilé mọ́. Mo ti mú fóònù láti pè é, ni mo bá rí méjì lára àjà. Wọ́n padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi pè, ó béèrè bóyá wọ́n ti lọ. Mo ní wọ́n ń palẹ̀mọ́.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kan mo ri túúbù sínú omi, mò ń wá ibi tó ti ń jò. Oníkẹ̀kẹ́ ti fi ìka hàn mí pé ibi báyìí ni, òun gbọ́ ọ. Omi hó níbòmíràn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tá a bá gbọ́ lè ṣì wá lọ́nà, omi ló ń sọ òótọ́. Mo dúró, túúbù lọ́wọ́ mi. Kíṣìnì nìkan ni mo ti ń wá.

Mo ra bébà alẹ̀mọ́, irú èyí tí eṣinṣin ń há sí. Mo gbé ọ̀kan kọ́ sí kíṣìnì, ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí yàrá mi. Ó ku ọ̀kan. Mi ò tíì wọ yàrá Màmá láti ọjọ́ tá a ti sin ín. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé e kọ́, mo yára pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí mo padà wò wọ́n, ti kíṣìnì mú díẹ̀. Ti pálọ̀ àti tèmi ò mú nǹkan kan. Ti yàrá Màmá kún.

Mo ṣí wọ́dúróòbù. Àpò náà wà lábẹ́ síwẹ́tà rẹ̀. Ó fúyẹ́. Ara rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní. Mo jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí Màmá wà nílé, ojoojúmọ́ là ń gbé àpò yẹn kaná. Kò sí ẹyin kòkòrò tó lè yè nínú rẹ̀. Màmá wọ ọsibítù, àpò tutù, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àfòpiná rí ilé tí iná ti kú, ó wọlé.

Mi ò fẹ́ gé e. Ọwọ́ Màmá ló wà lára rírán yẹn, wẹ́wẹ́, ó tọ́ bí ilà. Mo gbé e lé èjìká mi. Ìdin kan yọ jáde, ó ń rìn bọ̀ lọ́rùn mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo ti rí ìdí ẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Ọkọ Màmá ni."

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Ẹ wo ọkùnrin. A ní kì í hanrun, a ò mọ̀ pé ó ń bímọ síta."

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Òun ló kọ́kọ́ nu imú.

"Gé e," ó ní. "Da ìrẹsì nù, má da aṣọ nù. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àbúrò."

Mo gé e. Mo di ìrẹsì náà sínú nílọ́ọ̀nù méjì, mo gbé e jáde lọ sí ibi ìdalẹ̀nù lójú ọ̀nà. Mo se aṣọ náà nínú omi tó ń hó. Mo nu inú wọ́dúróòbù bí mo ṣe nu kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pààrọ̀ bébà: ó mú ọ̀kan, ẹni tó pẹ́ lẹ́yìn. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀, ó mọ́. Mo fi í síbẹ̀ títí eruku fi bò ó, àfòpiná kankan ò há sí i. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé lòun ń bọ̀, kí n gbá yàrá Màmá, ibẹ̀ lòun máa sùn.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráídé nìyí. Mo ti gbá yàrá, mo ti ṣí fèrèsé. Mo yan ìrẹsì tuntun nínú ìkòkò gbígbẹ, mo jẹ́ kó tutù, mo rọ ọ́ sínú àpò. Màmá rán ẹnu rẹ̀ pa, èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó ṣeé ṣí. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo mú mẹ́ta. Ìka fọkanáísà nípọn, abẹ́rẹ́ ń gún mi. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ wọ́. Mo tú u, mo tún un rán. Mo fi eyín já òwú, mo mú èkejì.