Àdìzát Tó Rán Àpò Kíbọ́ọ̀dù

Bí o bá gbé iṣẹ́ lọ fún Àdìzát ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ojú Òrè, kí o ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Àpò ló ń rán: àpò iléèwé, àpò irinṣẹ́, oríṣiríṣi. Kì í gé aṣọ láìmọ ohun tí yóò wọ inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tí Àdìzát bá bímọ, yóò bi ọmọ náà léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún gbé kíbọ́ọ̀dù tí ó fi aṣọ tábìlì wé wọlé. Fẹ́yìsetán lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkirè. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń di ọṣẹ sí páálí ní iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó. Ní Sátidé, òun nìkan a máa tẹ kíbọ́ọ̀dù, a sì máa kọrin níbi ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé.

"Mo fẹ́ àpò tó ní ojú púpọ̀ nínú," ni ó wí.

"Kí ló máa wà nínú wọn, Àǹtí?"

Fẹ́yìsetán tú ọ̀rá kan sórí tábìlì: okùn iná méjì, bátìrì máìkì, ìnujú, tọ́ọ̀ṣì, ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́fà, àti ìwé orin kan. Àdìzát mú pẹ́ẹ̀gì kan.

"Ṣé ẹ máa ń sá aṣọ níbẹ̀ ni?"

"Fáànù ni mo ń bá jà. Tó bá fẹ́ ìwé mi lọ, orin mi bá a lọ nìyẹn."

"Okùn iná ṣe wá jẹ́ méjì?"

"Ọ̀kan lè bàjẹ́. Ẹni tó ní ẹgbẹ́, bó bá dákẹ́, onílù á máa bá a lọ. Èmi ò ní ẹnìkan."

"Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Òun ló ń di ohùn mú tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò."

Èyí kò yé Àdìzát, ṣùgbọ́n ìwé náà ti gbà á lọ́kàn. Òógùn ti rẹ ẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún orin kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìbẹ̀rẹ̀ orin ló máa ń sá kúrò lórí mi," ni Fẹ́yìsetán wí. "Tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ kan, ìyókù á tẹ̀lé e bí ọmọ adìyẹ. Nọ́ńbà yẹn ni iye ìgbà tí màá tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè, kó lè bá ọ̀fun mi mu."

"Ìwé á ya, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi òwú kọ ọ́ sára aṣọ."

Ó rán àpò náà, ó sì fi òwú funfun rán ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà orin mẹ́rìnlá sára aṣọ dúdú tó nípọn, tí fáànù kò lè gbé. Ní Sátidé, wọ́n ń ṣílé ní Igbẹ́sà. Àdìzát ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀lé Fẹ́yìsetán lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ náà yóò ṣiṣẹ́.

Orin mẹ́ta lọ geere. Ní ìkẹrin, Fẹ́yìsetán wo aṣọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ó la ẹnu. Ohùn kíbọ́ọ̀dù gun ibi tí ọ̀fun rẹ̀ kò lè dé, orin sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tó ń jẹun gbójú sókè. Fẹ́yìsetán fẹsẹ̀ tẹ ohun pẹlẹbẹ náà mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù kó lè tún bọ́tìnnì tẹ̀, síbẹ̀ ohùn náà ń dún lọ. Àdìzát mi orí. Ohun tí nǹkan pẹlẹbẹ yẹn ń ṣe nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ti gòkè jù," ni Fẹ́yìsetán sọ fún wọn. "Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó sinmi, Àdìzát sún mọ́ ọn. "Nọ́ńbà wo lẹ rí?"

"Márùn-ún. Méjì ló yẹ kó jẹ́. Mo rò pé orí mi ló ti daṣẹ́ sílẹ̀."

"Èmi ni, Àǹtí. Òógùn ti pa á rẹ́ nínú ìwé. Mo fojú dá a pé márùn-ún ni, n kò sì béèrè."

Fẹ́yìsetán wò ó, ó sì mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ìwọ, o ò béèrè?"

Ojú ti Àdìzát. Ó yọ abẹ́rẹ́ lára ìbòrí rẹ̀, ó tú òwú náà, ó rán méjì síbẹ̀. Bó ṣe ń rán an ló tún ń wo kíbọ́ọ̀dù.

"Kí ló dé tí àwọn dúdú yìí kò tó àwọn funfun?"

Fẹ́yìsetán sún lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Tẹ ọ̀kan."

Àdìzát tẹ ọ̀kan, ó fetí sí i títí ohùn náà fi kú, ó sì tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.