Fìlà Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

Mi ò fẹ́ràn akọni inú fíìmù. Gbogbo ará ilé ọkọ mi ní Ìlaròó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́, tí a pé jọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, àga onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tèmi. Kò sẹ́lòmíì tó ń jókòó síbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti máa ń bú akọni títí fíìmù á fi parí, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé èébú mi gan-an ni wọ́n ń wá gbọ́.

Lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa, fíìmù alápá-púpọ̀ kan ni a ń wò. Ìjòyè burúkú kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba oko olóko, tó ń na àgbàlagbà lẹ́gba lójú ọjà. Inú fìlà pupa kan ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Bí fìlà náà bá wà lórí rẹ̀, ìbọn kì í ràn án, àdá kì í ràn án. Bó bá ṣí i, èèyàn lásán ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé bí ìjòyè yìí bá fẹ́ wẹ̀, á ṣí fìlà, á fi í kọ́ ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á wọlé, á sì máa kọrin lábẹ́ omi.

Akọni wa, ọdẹ ni. Ọmọ ìjòyè náà ló fẹ́ níyàwó, nítorí náà ó ń wọlé, ó ń jáde nínú ilé náà bó ṣe wù ú. Lójú wa báyìí ló ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà, tó gbọ́ orin ọkùnrin náà nínú omi, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Igbó ló gbà lọ, ó ń wá ewé. Odindi apá kan ló fi wá ewé yìí. Nígbà tó rí i, ewé ò ṣiṣẹ́. Ó tún gbéra, ó lọ ń bẹ àwọn àgbà ìlú mìíràn kí wọ́n fún un ní ọfà.

"Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́," ni mo máa ń sọ fún un. "Ìwọ òmùgọ̀ yìí, ó ń wẹ̀. Ọṣẹ wà lójú ẹ̀. Na ọwọ́ ẹ."

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́lì, tó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wa. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Àǹtí, tó bá mú fìlà lónìí, kí la máa wò lọ́la?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Bí ìtàn kan bá máa parí nítorí pé ẹnì kan na ọwọ́ sí ìṣó, kí ẹni tó kọ ọ́ lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọkọ mi kò sí nílé nígbà náà. Dírẹ́bà lọ́rì ni, òdìkejì Ìdí-Ìrókò ni ìròyìn pé bọ́dà ti tì ti bá a pẹ̀lú ẹrù lórí. Èèyàn lè wá ọ̀nà gba inú igbó wálé, ṣùgbọ́n lọ́rì ò lè gba inú igbó, ó sì ní bí òun bá fi í sílẹ̀ fún àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ọ̀hún, táyà àti bátìrì á ti lọ kí òun tó padà. Bó ṣe jókòó ti lọ́rì nìyẹn. Èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ni a wà nílé bàbá rẹ̀, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, yàrá wa ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ògiri tó là wọ́n láàárín kò sì dé òkè àjà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn títí kan ògiri. Òórùn rẹ̀ gbá mi nímú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Àbúrò ọkọ mi ló ní wọn. Wọ́n ti ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà má tà mọ́, epo wá di wúrà lápá ọ̀hún. Ó ń rà á níhìn-ín, ó ń kó o sórí ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó. Ó mọ̀ pé kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní wá epo sínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé. Kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ṣáà ni.

Kí ẹni tí kò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí fetí sílẹ̀ dáadáa. Nílé tiwa, ọmọkọ́mọ tí wọ́n bí sílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni. Nígbà tí mo dé, ọmọ kékeré ni àbúrò ọkọ mi yìí, káàkì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, nítorí pẹ́ńsùlù tó máa ń fi há etí. Kò kọ ohunkóhun láti ọjọ́ náà wá. Èmi ni mo ń fọ káàkì yẹn, èmi náà ni mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ìyàwó kì í pàṣẹ fún ọkọ. Kì í kó ẹrù ọkọ síta.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń sùn lẹ́yìn ibí. Èmi náà ń fi èédú lọ aṣọ."

"Ìyàwó, fúngbà díẹ̀ ni," ló wí. "Máa lọ̀ ọ́ níta." Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mi lọ sí abẹ́ igi máńgòrò òdìkejì títì. Ìyẹn ò sọ pé kí òórùn má wọ yàrá. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Tí mo bá ń di irun rẹ̀, bẹntiróòlù ni irun náà ń rùn. Mi ò tan fìtílà mọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, mo ń lé àwọn tó ń mu sìgá kúrò lójú títì bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Iná kékeré kan báyìí, ọmọ mi ti lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú. Obìnrin ará Pọ́lì ní kí n lọ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀, òun tó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn lọ́la. Ìyàwó tó fi ẹnu ara rẹ̀ mú kí wọ́n gbé ọmọ onílé, ilé wo ló máa padà sí? Oníbàárà mi kan ní kí n da epo náà sí gọ́tà. Òmíràn ní kí n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tèmi. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kàn gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Joga-Orile títí ọkọ mi á fi dé. Kó ẹrù jáde nígbà tí ọkọ ò sí nílé? Kí n tó dé Joga, wọ́n á ti ní mo kọ ilé, kẹ́ẹ̀gì á sì ti dé orí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra gbogbo ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "o kàn máa."

Mo pe ọkọ mi. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo lọ bá ìyá ọkọ mi. Màmá ní àwọn ò gbọ́ òórùn kankan. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbọ́, torí inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni Akọ̀wé ti ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ ilé lọ́fẹ̀ẹ́ lálaalẹ́. Ìlú wà lókùnkùn, ilé tiwa ń tàn yòò, gbogbo wọn ń wo fíìmù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ pa iná mọ́ wọn lójú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wà lórí àga mi, akọni tún ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Fìlà wà lórí ìṣó. Ìjòyè ń kọrin. Mo ti la ẹnu láti bú u, ni mo wá rí ohun tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Bó ṣe dé iwájú ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú ilé. Kò sí ẹni tó rí i, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀. Ta ló ń jí fìlà bàbá ìyàwó rẹ̀?

Àwọn tó yí mi ká ń dúró de èébú. Mi ò bú u. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ṣe mí o. Inú tún bí mi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí àna ò bá lè jí fìlà, ṣé àna ò lè bá wọn fọ̀ ọ́ ni? Kó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ yẹn náà, kó ní, "Bàbá, fìlà yín ti dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́." Kó gbé e lọ sódò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ta ló máa bú ọkọ ọmọ tó ń fọṣọ? Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro bí wọ́n ṣe ń fọ fìlà, títí wọ́n fi pa jẹnẹrétọ̀.

Ọjọ́ tí ẹbí ń ṣe ìpàdé kò jìnnà. Àwọn àgbà wá, àbúrò bàbá ọkọ mi wá láti Igbogila, wọ́n jókòó sí faránda. Akọ̀wé ní òde kan tó fẹ́ lọ lẹ́yìn ìpàdé, ló bá gbé agbádá rẹ̀ fún mi níwájú gbogbo wọn pé kí n lọ̀ ọ́. Mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Mo lọ sí abẹ́ máńgòrò, mo fẹ́ èédú títí ó fi pọ́n, mo dà á sínú áyọ́ọ̀nù. Mo wá rìn padà, mo dúró ní etí títì lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi. Mo lọ síwájú faránda, mo kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé, ọkọ mi," mo ní, "èédú ti pọ́n. Ẹ wá jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ lè fi bí ẹ ṣe fẹ́ kí n ká a hàn mí."

"Lọ̀ ọ́ níta."

"Agbádá ọkọ mi kọ́ ni mo máa lọ̀ nínú eruku. Orí tábìlì ni mo máa lọ̀ ọ́. Ẹ wá jókòó."

Kò dìde. Ó ń wo áyọ́ọ̀nù tó ń ta èéfín lẹ́bàá títì.

Bàbá ará Igbogila ní, "Ìyàwó ẹ kúnlẹ̀, ó ní kí o wá jókòó, kí ló ń ṣe ọ́? Ó dáa, èmi á bá a jókòó." Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n dìde.

"Bàbá, ẹ má wọbẹ̀," ni Akọ̀wé ké.

"Èéṣe?"

Ó di dandan kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá bi í léèrè ta ló ń sùn lẹ́yìn ògiri yẹn, ó sì ní láti sọ ìyẹn náà. Kí oòrùn tó wọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì lọ. Mo bá a lọ agbádá rẹ̀, mo ká a dáadáa, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbà á bí ẹni tó gba ejò.

Obìnrin ará Pọ́lì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Kí ló dé tí ẹ ò ti ṣe é látọjọ́ yìí?" Mo kọjá lára rẹ̀, mo wọlé.

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ bí fíìmù yẹn ṣe parí, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí. Màmá ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Akọ̀wé kì í dáhùn bí mo bá kí i. Èmi náà ń kúnlẹ̀ kí i lójoojúmọ́, kíkan kíkan, kí gbogbo ilé lè máa rí i pé kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ọkọ mi gbé lọ́rì rẹ̀ dé. Wọ́n ti rò fún un kó tó wẹ ẹsẹ̀. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó sórí àga onípákó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò tan iná.

"Nítorí kẹ́ẹ̀gì lásán," ló wí, "o dójú ti àbúrò mi níwájú ẹbí. Ṣebí o kàn máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá ẹ ní Joga ni."

Ọmọ wa ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. A ń gbọ́ bó ṣe ń mí láti ibi tí a wà, kò wúkọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi bó ṣe yẹ, mo kí i káàbọ̀, mo sì ní kó dìde lórí àga mi.