Ọjọ́ Tí Mo Ṣí Fìlà Lórí Ìbùkún

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé rédíò bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn tán. Òórùn kíkan kòkó tutù ti gba gbogbo àgbàlá wa ní Arámọkọ. Ọyẹ́ bo òkè, a ò rí oòrùn rárá, ètè gbogbo wa sì ti bó. Màmá wa ń lọ sóko. Wọ́n ní kí n máa yí kòkó, kí n má sì jẹ́ kí àbúrò mi jáde láìwọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà. Àfín ni Ìbùkún. Ọmọ ọdún méje ni, èmi jẹ́ mẹ́wàá. "Uṣu tí ojú ń wò kì í jóná," ni màmá wa máa ń wí.

Mo sì ṣọ́ ọ. Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé ọjọ́ tí a kò bá rí oòrùn, kò sí oòrùn. Ìbùkún wojú ọ̀run, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, oòrùn ti lọ kí àna rẹ̀ lónìí. Jẹ́ n ṣí nǹkan yìí."

Èmi ni mo bá a ṣí i. Mo ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, mo fi àdí pa á lára nítorí ọyẹ́, inú mi sì ń dùn pé ẹ̀gbọ́n rere ni mí. A jọ ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí sìmẹ́ńtì títí ọ̀sán fi pọ́n, à ń yọ̀, à ń ṣubú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn àti etí rẹ̀ ti pọ́n bí ata, ìléròrò sì ti yọ. Màmá wa bèèrè ẹni tó ṣí fìlà. Kí n tó lanu, Ìbùkún ní òun ni, pé òun sá jáde nígbà tí mo wà nílé ìdáná. Wọ́n bá a wí gidi. Mo dákẹ́. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ẹ̀rù ẹgba nìkan. Èmi ni ọmọ tí màmá wa gbẹ́kẹ̀ lé, n kò fẹ́ kí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde báyìí, mo ń wáṣẹ́. Egbò kan wà létí Ìbùkún láti ìgbà ìkórè iṣu, kò jiná. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Ó ní oòrùn ọjọ́ kan kì í fa irú rẹ̀, oòrùn ọdún púpọ̀ ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà.

Ìbùkún kọ̀, kò lọ. Nígbà tí mo fi ẹkún bẹ̀ ẹ́, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Bí wọ́n bá ní oòrùn ni, ìwọ ló máa kọ́kọ́ pa, Àǹtí. Fi mí sílẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn kò mọ̀ pé oòrùn wà lẹ́yìn ọyẹ́. Èmi mọ̀ báyìí, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí àbúrò mi ló ṣì ń dáàbò bò mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo rò ó títí, ó sú mi. Kí ni kí n sọ fún un tí yóò fi gbà pé mo lè fara da ohunkóhun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, nígbà tí èmi fúnra mi kò tíì gbà á gbọ́?