Ìyá Ìsàmì Láti Etí Òkun

Ní etíkun Esmeraldas, òkun làwọn èèyàn fi ń mọ ìgbà ìrìn. Bó bá kún, wọn a tukọ̀ gòkè odò. Bó bá fà, wọn a bá a padà wálé. Ọmọ etíkun pọ́ńbélé sì ni Obdulia Caicedo, obìnrin adúláwọ̀ tó ń wa ìgbín òkun nínú ẹrẹ̀, tó ń kó o pẹ̀lú àgbọn lọ bá àwọn Chachi, ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń gbé lókè odò, tó sì ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Kò bímọ rí. Ó dùn ún, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni inú rẹ̀ fi dùn dé ẹ̀yìn nígbà tí Evaristo Añapa, oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Chachi, ní kó wá ṣe ìyá ìsàmì ọmọbìnrin òun, ẹni tí yóò gbé ọmọ dúró níwájú Fada. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Bí ọmọ náà bá tó iléèwé, ọ̀dọ̀ Obdulia ni yóò máa gbé. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Fada ń débẹ̀, kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Lọ́jọ́ ìsàmì, Obdulia wọ ọkọ̀ bí òkun ṣe ń kún, ó ń kọrin. Kò tíì jìnnà tí omi pupa fi ya bò ó. Òjò ti rọ̀ lórí òkè, odò sì ti borí òkun. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu! Ó ń tukọ̀, ó ń tukọ̀, igi kan náà ló ṣì ń wò.

“Obdulia, orí ẹ ò pé,” ló ń bá ara rẹ̀ wí. “Ṣé o ò lè gbójú wo òkè kó o tó gbéra ni?”

Monserrate Zambrano ló wá ń já a láyà jù. Obìnrin ará Manabí ni, ìpínlẹ̀ tó múlé ti Esmeraldas, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Evaristo. Ẹ̀pà ni Monserrate fi ń se ẹja, Obdulia ń fi àgbọn se tiẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bú ọbẹ̀ ara wọn. Bí Obdulia ò bá dé, ta ni wọn yóò gbé ọmọ fún bí kì í bá ṣe aládùúgbò?

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọkọ̀ Fada kọjá lára rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Fada juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín. Obdulia gbé àjẹ̀ lé itan, ó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó tún tukọ̀ lọ, torí àgbọn kún ọkọ̀.

Monserrate ló bá ní etí omi, ó gbé ọmọ aláṣọ funfun lọ́wọ́.

“O kú oríire, ìyá ẹlẹ́pà,” ni Obdulia wí. “Ọmọ ẹ rẹwà.”

Monserrate pòṣé. “Ọmọ ta ni? Fada ní kí n bá ẹ gbé e dúró, ní ipò ẹ. Orúkọ tìẹ la pè ní ìyá ìsàmì. Gbà á jàre, apá ti ń ro mí.”

Evaristo dé, ó mú àjẹ̀ kékeré kan dání, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

“Ìyá, ti ọmọ yín nìyí, fún ìgbà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ́ ọ ní òkun.” Ó wo omi pupa náà, ó rẹ́rìn-ín. “Àwa á kọ́ ọ ní òjò.”

Obdulia gba àjẹ̀ náà. Ẹkún tún gbọ̀nà, àmọ́ ti ayọ̀ ni.

“Bó o bá máa sunkún, wá sun ún nídìí oúnjẹ,” ni Monserrate wí.

Ẹja ẹlẹ́pà ni. Obdulia jẹ ẹ́ tán pátá, kò bú u, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn lórí itan rẹ̀.