Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fi Bíréèkì Sí Kẹ̀kẹ́ Mi

Ọjọ́ tí bàbá mi fi bíréèkì sí kẹ̀kẹ́ mi kò ní kúrò lọ́kàn mi títí láé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gba ipò kìíní nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá, ọjọ́ náà sì ni wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wa.

Kẹ̀kẹ́ eré tiwa kì í ní bíréèkì, òfin ni; ẹsẹ̀ la fi ń dá a dúró. Wẹ́dà ni bàbá mi n'Iléṣà. Bí mo ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n jó bíréèkì mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ tí a jọ wọ̀ lọ. Ní pápá eré ní Òṣogbo ni mo ti tú aṣọ náà.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ṣé kí n máa wò ọ́ kí o lọ kú ni?"

Adájọ́ eré náà mi orí, ó ní, "Èyí kò lè wọ pápá." Mo fa bíréèkì náà láti yọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, kò mì. Kò sì sí kẹ̀kẹ́ mìíràn. Mo jókòó, mo ń wo àwọn tí mo máa ń fi sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń sáré.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè mí sí eré mọ́. Bàbá mi ló ń gun kẹ̀kẹ́ náà kiri báyìí, wọ́n á máa sọ fáwọn ará àdúgbò pé, "Bí mo bá ti tẹ bíréèkì yìí, ó dúró nìyẹn!"

Òótọ́ ni. Èmi náà dúró.