Ẹyin Òpìpì Inú Àpótí

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ lé wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn, òun àti òórùn ásíìdì bátìrì tó ń ta èèyàn nímú. Ìnfátà ni ọ̀gá ń tún ṣe, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tanná fún ilé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà ni mo lọ kọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú ṣíìpù ni mo lọ kọ́, ìyẹn nǹkan dúdú tí kò ju èékánná lọ, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀ tán.

Ọ̀rẹ́ mi, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan C, èdè tí a fi ń kọ ètò ní pólì. Asẹ́ńbílì ni, èdè tó sún mọ́ ṣíìpù jù lọ. Ó ní C dà bí ìgbà tí o bá rán ọmọ lọ ra iyọ̀ ní Ọjà'ba. Asẹ́ńbílì ni kí o di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, kí o máa wí fún un pé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbé ẹsẹ̀ òsì, dúró, wo ọ̀kadà. Inú bí mi! Ìlà mẹ́rìnlá kí gílóòbù bíńtín kan tó tàn? "Ọ̀gá, wọn ò lo eléyìí mọ́ o," ni mo máa ń wí. Á kàn rẹ́rìn-ín: "Tún un kọ." Lọ́jọ́ tí gílóòbù náà tàn nígbà tí mo ní kó tàn, tó sì kú nígbà tí mo ní kó kú, mo pariwo débi pé àwọn aránṣọ òdìkejì yọjú wò wá. Kí n má parọ́, mi ò tíì rí irú ayọ̀ yẹn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Adìyẹ òpìpì ló ń sìn, àwọn tí ìyẹ́ ò bo lára dáadáa yẹn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba ìran wọn. Lọ́dún yẹn, àrùn wọ inú agbo ilé, ó sì gbá gbogbo adìyẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ogójì ẹyin tí wọ́n yé kẹ́yìn nìkan ló kù, kò sì sí adìyẹ tí yóò sàba lé e. Bí ẹyin yẹn bá bàjẹ́, ìran òpìpì ìyá rẹ̀ parí nìyẹn. Bí mo ṣe rí ojú ẹ̀, àánú ṣe mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ mi yóò bá yín sàba."

Irọ́ kọ́. Ẹ̀rọ ìsàba kan wà lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ku díẹ̀ kó parí: àpótí pákó, gílóòbù fún ooru, ẹ́ńjìnnì kékeré tí yóò máa yí ẹyin padà. Adìyẹ máa ń yí ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kó pa, a kì í yí i mọ́, torí ọmọ inú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtijáde. C ni mo fi kọ ètò náà: ka ọjọ́, tó bá pé méjìdínlógún, dá ẹ́ńjìnnì dúró. Mo dán an wò lórí tábìlì ọ̀gá, mo sọ ìṣẹ́jú kan di ọjọ́ kan, ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí mo ní kó dúró. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá, mo kìlọ̀ fún un: "Tí iná bá lọ, ẹ gbé àtùpà sí i nínú, kí ẹ fọwọ́ yí ẹyin. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ má dá sí i o. Ó mọ ohun tó ń ṣe." Ó ní, "Mo gbọ́, Àjọkẹ́."

Lọ́jọ́ ogún, mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn. Ó yẹ kó ti dúró láti ìjẹta. Mo wo ojú ẹ̀rọ níbi tó ti ń kọ iye ọjọ́, ó kọ méjì. Ìyá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ilẹ̀kùn, ìlà kan fún òwúrọ̀ kan. Mo kà á, ogún ni. Yéè, mo gbé! Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, ńṣe ni ẹ̀rọ mi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ibi tí ṣíìpù ti máa ń gbàgbé nǹkan bí iná bá ti kúrò lára ẹ̀ ni mo kó iye ọjọ́ sí. Mi ò sì mọ̀, torí ìnfátà ló ń gbé tábìlì ọ̀gá. Ní gbogbo Bẹyẹrunkà, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni iná kì í ti í lọ! Èmi ọmọ Ìbàdàn, mo wá kọ ètò bí ẹni tí wọn ò mú iná ilé ẹ̀ lọ rí.

Mo fa wáyà ẹ́ńjìnnì yọ. "Ìyá, ẹ ò rí i pé ó ń padà sí oókan ni?"

"Mo rí i. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti rí i. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń kà á níwèé yín nìyẹn."

Mọ́kànlá ló pa nínú ogójì. Èmi ni mo fọ́ àwọn yòókù, ọmọ sì ti pé nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn. Mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ò bú mi. Ó yọ tábìlì mi kúrò lára ìnfátà, ó ní iná àdúgbò ni kí n máa lò. Asẹ́ńbílì tí mò ń kẹ́gàn ni mo fi kọ ìlà díẹ̀ tó ń tọ́jú iye ọjọ́ síbi tí kì í ti í parẹ́, ìgbà àìmọye sì ni mo fọwọ́ ara mi pa iná kí n tó gbà á gbọ́.

Mẹ́rin nínú mọ́kànlá yẹn ya òpìpì. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n sì yé ẹyin, mo tún gbé ẹ̀rọ lọ. Ìyá to ẹyin sínú ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá ní, "Àjọkẹ́, tí mo bá tún rí nǹkan, ṣé kí n máa sọ?"

Mo kúnlẹ̀. Obìnrin tó ti ń sin adìyẹ kí bàbá mi tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, òun ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi! Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, tí ẹyin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fi ṣòfò. Ẹ̀rọ tí mo ti kọ ètò sí láti ìgbà náà kò níye mọ́. Kí èyíkéyìí tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo máa ń lọ jókòó ti ẹni tí yóò lò ó, màá sì bi í pé kí ló rí. Ojú máa ń tì wọ́n, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Màá dúró títí wọn yóò fi sọ ọ́.