Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ohùn Wọn

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ní Àlàbá, mo sì kọ́ bí a ṣe ń gé fídíò tí a sì ń tò ó, kí n lè máa ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò kéékèèké fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìbà. Ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ti máa ń pàdé. Wọ́n ń béèrè, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní àgbègbè wa, láti Ìbà dé Òkòkòmáikò, bí ènìyàn bá ní òun bá àjèjì pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ni wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta wáyà iná ní Àlàbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nídìí ìsọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ Íbò, tí wọ́n sì gbọ́ Ègùn dé ibi tí wọ́n fi lè bá oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ sílé wọn ní Ọ̀jọ́, mo gbé fóònù mi ti agolo mílíìkì, mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ọjà fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n sín àwọn oníbàárà jẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò sì jáde mọ́. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, àmọ́ wọn kò lè fèsì.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹnu gbìyànjú lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ "a" àti "e" lásán. Wọ́n ń ṣe é. Mo wá rò pé bí wọ́n bá rí ara wọn nínú fídíò yẹn, orí wọn á wú. Mo tò ó sínú láptọ́ọ̀pù, mo gbé e lọ bá wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn ti ń yà kúrò lára ẹnu. Ẹnu á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣì máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì lu tábìlì.

"Mọ́mì Ìbà, ẹ pa á," ni ọmọ wọn obìnrin, tó ń tọ́jú wọn, wí fún mi.

"Kí ló dé?"

"Ẹ wò wọ́n. Wọ́n ń nawọ́ sí ẹnu inú fídíò, wọ́n tún ń nawọ́ sí tiwọn. Wọ́n rò pé ẹnu wọn ti bàjẹ́ láti ìgbà yẹn, tí a kàn ń tan àwọn jẹ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fídíò ló ní àbùkù, kì í ṣe ẹnu yín." Wọ́n kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbìyànjú "a" kankan mọ́.

Mo padà sílé, mo kọ̀wé sí ojúlé àwọn tó ń gé fídíò. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kọ lẹ́tà sí àgbà: mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ìdílé wọn, mo tọrọ gáfárà pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo ròyìn àìsàn ẹ̀gbọ́n mi, mo wá fi àdúrà parí rẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ tó dé kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ ṣeun. Kí wá ni ìbéèrè yín?"

Ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tí mo tún lẹ́tà mi kà, mo rí i pé lóòótọ́, mo ti kí gbogbo ayé, n kò sì béèrè nǹkan kan. Òfin wọn wà lókè ojúlé náà: sọ ohun tí o fi ya fídíò, sọ ohun tí o fi ń gé e, sọ ohun tí o ti gbìyànjú, sọ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kàn kọ ìdáhùn, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn mí! Mo tún un kọ.

Ọkùnrin kan tó ní ìlú òtútù lòun ń gbé, tó ń gé fídíò bọ́ọ̀lù fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bi mí pé: "Ṣé àlàfo náà ń pọ̀ sí i ni, àbí iye kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀?" Mo mú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo wọn àlàfo náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ń pọ̀ sí i.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún mi ní iṣẹ́ tó mọ́ báyìí. Àbí tíṣà ni yín?"

Ó wá là á yé mi. Fídíò kò ju fọ́tò tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ. Fóònù kì í fi gbogbo ìgbà ya iye kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ yàrá bá dín, òun náà lè dín iye tó ń yà kù. Ohùn ní tirẹ̀ kì í dín. Ohun tí mo fi ń gé fídíò wá kà á bíi pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ni ẹnu àti ohùn bá pínyà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan sọ iye fọ́tò náà di ọgbọọgba, kí n tó gé ohunkóhun.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ wa: "Ẹ dúró, Mà! Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò ní sọ ìyẹn fún yín, torí òun náà ti pa fídíò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ rẹ́ rí."

Ọkùnrin náà bi í pé, "Ọjọ́ wo lo máa gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọjọ́ tí àbúrò rẹ bá gbàgbé."

Mo dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Mo ṣe ẹ̀dà, mo ṣe bí wọ́n ṣe wí, ẹnu àti ohùn sì padà bára mu. Mo bi wọ́n pé kí ni mo lè fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sókè ìbéèrè mi pé ó ti yanjú, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ni mo ti rí àwọn ìbéèrè àtijọ́ tó jọ tèmi. Wọ́n pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹnì kan ti béèrè èyí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ti dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdáhùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò nílò rẹ̀. Mo kà wọ́n títí tíì mi fi tutù. Irú inú wo ló ń mú ènìyàn ṣe báyìí? N kò mọ̀, ẹnu ṣì ń yà mí dòní.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀jọ́, ẹ̀gbọ́n mi rí láptọ́ọ̀pù, wọ́n sì gbójú kúrò.

"Mọ́mì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀," ni ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n. "Bí kò bá dára, èmi fúnra mi ni mo máa ju ẹrù Mọ́mì Ìbà síta."

Wọ́n fi ojú kan wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ẹnu àti ohùn ò pínyà. Wọ́n yí gbogbo ara padà sí i. A dé ibi tí wọ́n ti ń sín oníbàárà kan jẹ lédè Ègùn, wọ́n sì gbé ìka sókè pé kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Wọ́n tún gbé ìka sókè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohùn kékeré kan ni, ó há, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnu inú fídíò bẹ̀rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìyẹn dákẹ́ ni ó dákẹ́.

Ọmọ wọn di apá mi mú. Fídíò ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bá a lọ.